Iṣẹ́ fífi géèmù hàn nínú ṣọ́ọ̀bù: ṣé ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe é?

Akẹ́kọ̀ọ́ Leeds: Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Másítàsì ni mo ń ṣe ní Leeds, físà akẹ́kọ̀ọ́ ni mo sì wà lórí rẹ̀. Éjẹ́ńsì kan kọ̀wé sí mi lánàá pé kí n wá dúró nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí n máa fi géèmù kan tí kò tíì jáde han àwọn oníbàárà, kí wọ́n gbá a wò ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Wákàtí 7 ní Sátidé, wákàtí 7 ní Sọ́ńdè, £14 fún wákàtí kan. Owó yẹn wọ̀ mí lójú, ká má parọ́. Àmọ́ wọ́n ní èmi fúnra mi ni n ó máa kọ invoice, ìwé tí mo fi ń béèrè owó, ránṣẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Ṣé kò sí wàhálà níbẹ̀? Kí tiẹ̀ ni wọ́n ń ṣe gan-an nídìí iṣẹ́ yìí? Géèmù kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni bọ́ọ̀lù tá a máa ń gbá ní ilé géèmù àdúgbò wa ní Òṣogbo.

Ìyá Ìbejì, Thamesmead: Àbúrò mi, má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan o. Invoice yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Físà akẹ́kọ̀ọ́ gbà kí ẹni tó ń ka dìgírì ṣiṣẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé, ṣùgbọ́n kò gbà kó máa ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ara rẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ invoice, ọ̀gá ara rẹ̀ ni lójú òfin, ì báà jẹ́ ọjọ́ kan péré ló fi ṣe é. Ọ̀pọ̀ éjẹ́ńsì tó ń kó èèyàn lọ sí ṣọ́ọ̀bù kì í bìkítà, torí pé kì í ṣe físà tiwọn ló máa bàjẹ́.

Kọ̀wé padà sí wọn lálẹ́ òní. Bi wọ́n pé ṣé wọ́n lè gbà ọ́ síṣẹ́ lórí PAYE, kí wọ́n máa yọ owó orí kí wọ́n tó sanwó, kí wọ́n sì máa fún ọ ní payslip. Tí wọ́n bá ní rárá, jẹ́ kí iṣẹ́ náà lọ.

Ìbéèrè kan tún wà: ṣé o ní iṣẹ́ mìíràn?

Akẹ́kọ̀ọ́ Leeds: Mo ní, mà. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, wákàtí 8 ní gbogbo Ọjọ́rú.

Ìyá Ìbejì, Thamesmead: O ò rí i! 14 àti 8, 22 nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń kà, láti Mọ́ńdè sí Sọ́ńdè ni, wọn kì í fi ọ̀sẹ̀ tó rọrùn bo èyí tó pọ̀ mọ́lẹ̀. Wákàtí méjì yẹn ti tó kó ẹnì kan sínú ìjàngbọ̀n. Má sì rò pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn máa dá ọ sílẹ̀. Àwọn tó ń ka dìgírì àkọ́kọ́ ló ń ní ìsinmi gígùn yẹn. Ẹni tó ń ṣe másítàsì ṣì ń kọ ìwé àpilẹ̀kọ rẹ̀ lọ́wọ́ lásìkò náà, nítorí náà ìgbà ẹ̀kọ́ ni wọ́n sábà máa ń kà á sí. Béèrè ọjọ́ tí ìgbà ẹ̀kọ́ tìrẹ bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí lọ́wọ́ yunifásítì, kó o gbà á sínú ìwé.

Bàbá Houston: Ìyá Ìbejì ti là á mọ́lẹ̀. Fún àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà lórí F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́ ti ibí, tiwa tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: iṣẹ́ inú ọgbà yunifásítì nìkan ni ẹ lè ṣe láìgba àṣẹ, wákàtí 20 lọ́sẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe ọgbà yunifásítì. Ẹni tó bá gbé fọ́ọ̀mù 1099, ti ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ara rẹ̀, bá yín, ẹ sá fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní green card, ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà, tí èrè yín látinú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ti tó $400 lọ́dún, ẹ máa san 15.3% lórí rẹ̀ yàtọ̀ sí owó orí tẹ́ ẹ mọ̀. Ọdún àkọ́kọ́ mi, mi ò fi kọ́bọ̀ kan pa mọ́. Oṣù kẹrin tá a ń san owó orí dé, ojú mi rí màbo.

Ó dáa, iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe é níbí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tó fi wà. Láyé ìgbà yẹn, E3, ìpàtẹ géèmù ńlá kan ní Los Angeles, ni wọ́n ti ń ṣí aṣọ lójú géèmù tuntun, àwọn oníṣòwò àti oníròyìn nìkan ló sì ń wọlé, kó tó di pé wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ará ìlú ní 2017. Torí bẹ́ẹ̀ ni Nintendo, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù, fi gbé géèmù wá bá èèyàn ní Best Buy, ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ 11 àti 14 oṣù kẹfà ọdún 2014, èèyàn lè wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù wọn kan ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, kó gbá Super Smash Bros. ti Wii U, ẹ̀rọ géèmù Nintendo nígbà náà, tí kò jáde títí di ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Super Mario Maker ni. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan géèmù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tó ń lọ sílé tó ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rà á tán. Iṣẹ́ rẹ nìyẹn.

Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Wàá dúró láti àárọ̀ dalẹ́. Géèmù tí wọ́n fún ọ kò pé, apá kan ni wọ́n gé síbẹ̀, ó sì lè dákú nígbàkigbà. Kí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí, béèrè bí wọ́n ṣe ń dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ibi tí iná rẹ̀ wà, àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ mi, ó dákú láàárín èrò, wọ́n ti ti ẹ̀rọ náà mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò máníjà tó ti lọ jẹun. Ogójì ìṣẹ́jú! Àlọ́ Ìjàpá ni mo fi dá àwọn ọmọ Mẹ́síkò dúró lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú orin. Wọ́n gbè é.

Ní ti ìlà, ohun tó o rí ní Òṣogbo wúlò, àmọ́ yí i padà. Nílé géèmù, ẹni tí wọ́n bá nà ló ń dìde, ẹni tó borí á jókòó. Tó o bá ṣe bẹ́ẹ̀ níbí, ọmọkùnrin kan tó gbówọ́ máa jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, àwọn ìyá á sì dojú ìjà kọ ọ́. Gbé aago fóònù rẹ síbi tí gbogbo èèyàn ti ń rí i, kó jẹ́ pé aago ló ń lé wọn dìde, kì í ṣe ìwọ. Tó bá ku wákàtí kan kẹ́ ẹ tilẹ̀kùn, ka èèyàn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ méjì, méjìlá ni. Lọ bá ẹni kẹtàlá pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kó má baà dúró lásán. Ẹ̀wẹ̀, nu páàdì kó o tó gbé e fún ẹlòmíì. Ọwọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí, ṣúgà ni látòkèdélẹ̀.

Má sọ ohun tí kò sí nínú ìwé tí wọ́n fún ọ. Wọ́n á bi ọ́ pé ọjọ́ wo ló ń jáde, ṣé ó máa dé orí PlayStation. Tí kò bá sí níbẹ̀, "mi ò lè sọ" ni ìdáhùn. Kó o sì rí i pé o fi ìròyìn alẹ́ ránṣẹ́, iye èèyàn tó gbá a pẹ̀lú fọ́tò tábìlì náà. Tí ìròyìn bá pẹ́, owó á pẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Köln: Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹ má gbàgbé ọjọ́ orí. Ní gamescom, ìpàtẹ géèmù tiwa níbí, bàǹtẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi ń ya àwọn ọmọ sọ́tọ̀...

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Köln: Ẹ jọ̀ọ́, bàǹdì ọwọ́ ni mo fẹ́ kọ o 😂 fóònù ló fi bàǹtẹ́ síbẹ̀.

Bàbá Houston: Ọmọ Ìjẹ̀bú, ta ló wọ bàǹtẹ́ sọ́wọ́? 😂

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Köln: Ẹ jẹ́ n parí ọ̀rọ̀ mi, sà. Láìsí bàǹdì, ọmọdé kò lè dé ìdí géèmù ọdún 16 tàbí 18. Fún nọ́ńbà ọjọ́ orí tó ń wà lára géèmù, USK là ń lò ní Jámánì: 0, 6, 12, 16, 18. Ní UK, PEGI ni: 3, 7, 12, 16, 18, àti pé láti 2012 ni ó ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin fún ṣọ́ọ̀bù láti ta ti 12, 16 tàbí 18 fún ẹni tí kò tó bẹ́ẹ̀. Géèmù tí kò tíì jáde lè má tíì ní nọ́ńbà kankan lára, nítorí náà gba ọjọ́ orí yẹn lọ́wọ́ éjẹ́ńsì nínú ìwé. Má fi gíga mọ ọjọ́ orí o. Ọmọ ọdún 13 wọn ti ga jù mí lọ.

Ìyá Ìbejì, Thamesmead: Òótọ́ ni. Èmi ò ṣe iṣẹ́ yìí rí, àmọ́ mo mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí Nintendo gbé Switch 2, ẹ̀rọ géèmù wọn, wá sí ExCeL, gbọ̀ngàn ìpàtẹ ní London, ọjọ́ 11 sí 13 oṣù kẹrin 2025, àwọn ìbejì ti forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì mú wa, lọ́fẹ̀ẹ́. Custom House la bọ́ọ́lẹ̀, ibùdó ọkọ̀ ojú irin kejì láti Abbey Wood. Nídìí Mario Kart World, géèmù eré ọkọ̀, èèyàn 24 ló ń sáré pọ̀, Kẹ́hìndé sì ń tijú, ó sá sẹ́yìn mi. Ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kúnlẹ̀ kí ojú wọn lè ṣe déédéé, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó kàn fi bọ́tìnnì kan ṣoṣo hàn án: "Eléyìí ló ń jẹ́ kó máa lọ." Ó tán. Ọmọ náà kò fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Leeds: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Éjẹ́ńsì ti dáhùn. Wọ́n ní àwọn lè ṣe PAYE, àmọ́ £13.70 ni, owó ìsinmi ti wà nínú rẹ̀. Wọ́n tún ní kí n wá fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí mẹ́ta ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀fẹ́. Ilé ìtọ́jú náà ti gbà kí n máa ṣe wákàtí 6 ní Ọjọ́rú.

Ìyá Ìbejì, Thamesmead: Tó o bá ti tó ọmọ ọdún 21, £12.21 ni iye tó kéré jù láti oṣù kẹrin 2025 sí oṣù kẹta 2026. Fi 12.07% owó ìsinmi kún un, £13.68 ni. Wọ́n fi kọ́bọ̀ méjì ṣe ọ́ lóore. 😂 Kò burú, ó bófin mu. Àmọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá fi dandan lé kì í ṣe ọ̀fẹ́, iṣẹ́ ni, wọ́n gbọ́dọ̀ sanwó rẹ̀. Wákàtí mẹ́ta yẹn sì máa wọ inú 20 rẹ, nítorí náà sọ fún wọn pé kí wọ́n sún un sí ọ̀sẹ̀ tó ò ní í ṣiṣẹ́ Sátidé.

Akẹ́kọ̀ọ́ Leeds: Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ báyìí, mà. Ṣòkòtò dúdú àti bàtà dúdú ni wọ́n ní kí n wọ̀. Bàtà tí mo ní, ti ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni.

Bàbá Houston: Èyí tó ní ẹnu ṣóńṣó yẹn? Fi sílé. Lọ ra dúdú tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀, kó o sì kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lọ ilé ìtọ́jú lọ́jọ́ Rú.