Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀ lórí ser, estar, tener àti haber

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń kọ́ èdè Sípáníìṣì, ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin yìí ni kò sì jẹ́ kí n sinmi.

Ní ti tener àti haber, èdè wa ràn mí lọ́wọ́: “tengo un libro” ni pé mo ní ìwé, “hay un libro” sì ni pé ìwé kan wà. Ó kàn ń yà mí lẹ́nu pé wọ́n a máa “ní” ebi (“tengo hambre”), nígbà tí ó jẹ́ pé ṣe ni ebi ń pa àwa.

Ser àti estar (“to be” ni méjèèjì ní Gẹ̀ẹ́sì) gan-an ni ìṣòro mi. Wọ́n kọ́ mi pé ser wà fún ohun tí kì í yí padà, tí estar sì wà fún ohun ìgbà díẹ̀, àmọ́ “está muerto”, láti ara estar, ni wọ́n ń sọ nípa ẹni tí ó ti kú, bẹ́ẹ̀ òkú kì í jí mọ́. Mo wá rò pé estar ni “wà” tiwa, nítorí pé wọ́n ń sọ pé “Madrid está en España” (Madrid wà ní Sípéènì). Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ “la fiesta está en mi casa” (àríyá náà wà ní ilé mi), olùkọ́ mi fi bíírò pupa fagi lé “está”, ó sì kọ “es”, láti ara ser, sí orí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ èdè náà dáadáa, ọ̀nà wo ni ẹ fi ń dá méjèèjì mọ̀, pàápàá níwájú ọ̀rọ̀ bíi “listo”, tí ó túmọ̀ sí ọlọ́gbọ́n pẹ̀lú ser, tí ó sì túmọ̀ sí ẹni tí ó ti múra tán pẹ̀lú estar?