Ọyẹ́ ti wọlé: kí ló ń jẹ́ kí ínhélà má ṣiṣẹ́ lára ọmọ kékeré?

Ọmọ Kàbà: Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ọyẹ́ ti ń fẹ́, wọ́n ti ń dáná sungbó, àwọn ọmọ tó ní ikọ́ fée (ásímà) ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí, kí lẹ máa ń rí?

Nọ́ọ̀sì Owé: Ọ̀fun ni oògùn ń bá lọ, kì í dé àyà. Ọmọ kékeré ò mọ bí èèyàn ṣe ń fa èémí lásìkò kan náà tí wọ́n tẹ ínhélà. Spacer, ìyẹn ike tí wọ́n ń fi sáàárín ínhélà àti ẹnu ọmọ, ló ń yanjú ẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ wá ìgò rọ́bà 500ml. Ẹ tẹ wáyà yí ẹnu ínhélà ká kó lè gba bátànì rẹ̀, ẹ ti wáyà náà bọ iná, kẹ́ ẹ fi jó ihò sí ìdí ìgò. Ínhélà gbọ́dọ̀ há níbẹ̀ pinpin. Bí àlàfo bá kù, téèpù ni. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ má nù ún. Rọ́bà tí wọ́n fi aṣọ nù máa ń fa oògùn mọ́ra.
Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ mi ínhélà, ẹ fín in lẹ́ẹ̀kan péré, kí ọmọ mí sínú mí síta nígbà márùn-ún sí mẹ́fà. Ẹ tún mì í kẹ́ ẹ tó fín ìkejì.

Ará Bùnú: Ìgò omi àbí ti mínírà?

Nọ́ọ̀sì Owé: Èyíkéyìí tí ètè ọmọ bá lè pa mọ́. Ọmọ ọwọ́ nílò mask. Ìwádìí kan láti Cape Town tó jáde nínú Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, ní 1999 rí i pé ìgò yìí ò kẹ̀rẹ̀ sí ojúlówó spacer. Nínú ohun tí wọ́n dán wò, ife fóòmù ló gbẹ́yìn.

Apòògùn Ìyàgbà: Ẹ ò tíì sọ ti àwọ̀ ínhélà. Búlúù (salbutamol) ń ṣí ọ̀nà èémí fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, kò kan ara wíwú tó wà nínú rẹ̀. Ti stẹ́róídì, tó sábà máa ń jẹ́ búráùn, ló ń pa ìyẹn, ojoojúmọ́ sì ni, kódà lọ́jọ́ tí ara ọmọ dá ṣáṣá. Ibẹ̀ làwọn òbí ti ń jáwọ́. Kí ọmọ fi omi fọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀, kí ahọ́n má baà hu funfun.
Bí ikọ́ fée bá gbé e: búlúù, ìfín 2 sí 6 fún ọmọ ọdún márùn-ún sí ìsàlẹ̀, ní ogún ìṣẹ́jú ogún ìṣẹ́jú láàárín wákàtí àkọ́kọ́. Bí ètè bá ń di aró, tí ìhà ń wọlé, tí ọmọ ò lè sọ̀rọ̀, ẹ má jókòó ka ìṣẹ́jú, ẹ máa fín in lọ lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Ará Bùnú: Ọyẹ́ ṣáá lẹ ń bá wí. Kajú ńkọ́? Bí wọ́n bá ń yan án lẹ́yìnkùlé, gbogbo àdúgbò ló ń wúkọ́. Ara wọn ò gba kajú nìyẹn.

Ọmọ Kàbà: Gbogbo àdúgbò kẹ̀? Èéfín ni jàre.

Láàbù Lọ́kọ́ja: Ẹ ń po nǹkan mẹ́ta pọ̀. Èéfín ń ta ẹni gbogbo lọ́fun, alásímà ló kàn ń jìyà rẹ̀ jù. Epo inú èèpo kajú ń jó awọ, ó sì lè dẹ sẹ́ẹ̀lì T, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, sí ara. Ara á máa yún, á léròrò lẹ́yìn ọjọ́ kan sí méjì, bíi ti oje máńgòrò, ìdílé kan náà ni wọ́n. Protein inú kóró ni IgE, èròjà ara tó ń fa àlẹ́jì, ń bá jà, ìyẹn kì í pẹ́: ètè á wú, ọmọ á bì, ohùn á há. Abẹ́rẹ́ adrenaline sínú ẹran itan ni, 0.01mg fún kílò kan. Ọmọ kílò 15, 0.15ml nínú ti 1mg/ml. Piriton ò lè rọ́pò rẹ̀.

Ará Bùnú: Ó dáa, mo ti gbọ́. 😂

Ìyá Ẹlẹ́pà: Ṣé òótọ́ ni pé kí ọmọ pé ọdún mẹ́ta kó tó jẹ ẹ̀pà?

Nọ́ọ̀sì Owé: Ìmọ̀ràn Amẹ́ríkà ti 2000 nìyẹn, fún ọmọ tí àlẹ́jì wà nínú ẹbí rẹ̀, wọ́n ti yí i padà ní 2008. Nínú ìwádìí LEAP ti 2015, tó dá lórí fífún ọmọ ọwọ́ ní ẹ̀pà, ọmọ 640 ni wọ́n mú, oṣù mẹ́rin sí mọ́kànlá. Nínú àwọn tó ń jẹ ẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ara wọn kọ ẹ̀pà nígbà tí wọ́n pé ọdún márùn-ún. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ pò ó mọ́ ògì. Odidi kóró lè há ọmọ lọ́fun. Ọmọ tí ifo (eczema) ti bo ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìyá Ẹlẹ́pà: Kúlíkúlí ńkọ́, mà?

Nọ́ọ̀sì Owé: Oníyọ̀ oníata yẹn? Fún ọmọ oṣù mẹ́fà?

Ará Bùnú: Tiwa nílé ò ní ata o.