Ta ló ti yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ìwádìí lórí àìsàn ọpọlọ rí? Ẹ sọ ohun tójú yín rí

Àbúrò Ṣàgámù
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìsoríkọ́ ti ń bá mi fínra láti bí ọdún mẹ́ta, mo sì ń gba ìtọ́jú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà mi ní àwọn kan ń ṣe ìwádìí, wọ́n ń wá irú wa. Ó fún mi ní ìwé olójú mẹ́fà pé kí n lọ kà á nílé. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Màmá mi ní mi ò gbọdọ̀ débẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́.

Ọmọ Ìdíkàn
Àwa tá a dàgbà ní Ìdíkàn n'Íbàdàn, ìwádìí kò ṣàjèjì sí wa. Ní 1992 ni àwọn ará Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ará Indianapolis l'Amẹ́ríkà jọ bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn àgbà ọlọ́dún 65 sókè bóyá wọ́n ń ṣarán. Kékeré ni mo wà, mo jókòó ti ìyá àgbà lórí ẹní. Obìnrin tó wá ní, "Ìyá, kí ni afárá?" Ìyá wò ó títí. "Ṣé o ò gba orí ẹ̀ kọjá kó o tó débí ni?" Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ nawọ́ sí fèrèsé, kí wọ́n wá nawọ́ sí ilẹ̀kùn. Ó ní kí wọ́n máa dárúkọ ẹranko títí ìṣẹ́jú kan á fi pé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí ewúrẹ́, wọ́n dórí ìkookò, ó tán. Mo fẹ́ sọ "ẹtu" fún wọn, obìnrin náà gbé ìka lé ètè sí mi. Inú bí ìyá lọ́jọ́ náà, wọ́n ní wọ́n ń fi àwọn ṣe ọmọdé. Ìgbà tí wọ́n tún padà dé, àwọn gan-an ló gbé àga síta.

Bàbá Ìbejì
Ṣé ẹja wà lára ẹranko? Tó bá jẹ́ èmi ni, ẹja ni mo máa kà títí ìṣẹ́jú á fi pé.

Ọmọ Ìdíkàn
Wọn ò sọ fún wa, sà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní 2001 wọ́n gbé àbájáde jáde: àwọn tí àrùn Alzheimer, irú ìṣarán kan, ń mú lọ́dọọdún láàárín àwọn àgbà Ìbàdàn kò tó ìdajì ti àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọ̀ wa, 2.52 lọ́dọ̀ tiwọn.

Ìyá Ẹlẹ́wẹ̀dú
Àmàlà ni! Mo ti ń wí i tipẹ́.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Ìyá, ẹ má tíì fún àmàlà ní ife-ẹ̀yẹ. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn pẹ̀lú, wọ́n wo àbùdá àjogúnbá kan tí wọ́n ń pè ní APOE. Irú ẹ̀ kan wà tó máa ń fa Alzheimer mọ́ra lára àwọn ẹ̀yà mìíràn, kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára tó bẹ́ẹ̀ lára àwọn Yorùbá tí wọ́n wò. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ìyá orí ẹní wọ̀nyẹn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Ìyá Ẹlẹ́wẹ̀dú
Ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún, kí ló ṣe é? Ẹ̀wẹ̀dú.

Ìyá Àdùkẹ́
Mi ò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí àfi ọkọ mi. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, tí ọmọ pé ọ̀sẹ̀ méje, ìfẹ́ ẹ̀ kò wá sí mi lọ́kàn. Mò ń fún un lọ́mú, mò ń sunkún. Ìyá ọkọ mi ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kó má jẹ́ abísínwín ni o. Ọjọ́ tí mo gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, nọ́ọ̀sì kan ní àwọn ń ṣe ìwádìí lórí àwọn abiyamọ, ìbéèrè mẹ́wàá péré ni, tí mi ò bá sì fẹ́, ọmọ mi á gba abẹ́rẹ́ ẹ̀ náà. Ó ń kà á fún mi ní Yorùbá, mò ń dáhùn wàràwàrà kí n lè máa lọ. Ó kan ìkẹwàá: ṣé ó ti wá sí mi lọ́kàn láti ṣe ara mi léṣe? Ẹnu mi wúwo. Ó fi bírò sílẹ̀, ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó pọ̀n ọ́n. Ó ní, "Ìyá ọmọ, ẹ sunkún yín, ilẹ̀ ò tíì ṣú."
Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni mo fi ń lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Wọn ò fún mi ní kóró oògùn kankan. Ká ní kì í ṣe ìwádìí ọjọ́ yẹn ni, ta ni ǹ bá sọ fún?

Ọmọ Ìdíkàn
Ẹ kú ewu, ìyá mi. Ẹ kú ewu.

Àńtí Ọ̀yọ́
Ìyàwó àbúrò mi ò rí ẹni bi í ní ìbéèrè kẹwàá yẹn. Mi ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá Ìbejì
Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ọkọ yín ṣe gbà á?

Ìyá Àdùkẹ́
Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń tú okùn bàtà ẹ̀, kò rí i tú. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, òun ló gbé ọmọ dání tá a fi lọ.

Ọmọ Peckham
Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù níbí ni. Kóró oògùn ìsoríkọ́ kan lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ara mi yá, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í sun oorun. Ìgbà tó parí ni wọ́n ní kò sí oògùn kankan nínú èyí tí mò ń lò. Ó dùn mí dé egungun. Wọ́n ní àwọn á kọ àbájáde ránṣẹ́ sí wa. Ọdún kejì rèé, mi ò rí lẹ́tà.

Adúrótini
Ẹ̀tàn pọ́ńbélé. Ẹ ti gbàgbé Kano 1996? Yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọdé, wọ́n gbé oògùn kan tí wọ́n ń pè ní Trovan dé. Àwọn òbí ní àwọn ò mọ̀ pé wọ́n ń dán an wò lára ọmọ àwọn ni. Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Bọ̀dá, mi ò ní bá yín jiyàn lórí Kano. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni ká má sọ fún èèyàn, ọ̀tọ̀ ni ká sọ fún un pé gègé la máa ṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣẹ́ gègé náà. Àwọn kan á gba oògùn, àwọn kan á gba èyí tó ṣófo, dókítà tó ń fún yín gan-an kò ní mọ èwo ni. Bí a ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá oògùn ló ṣiṣẹ́ tàbí pé ẹnì kan ń béèrè àlàáfíà yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé tí wọ́n fún Ọmọ Peckham.

Ọmọ Peckham
Ó wà níbẹ̀, lójú ìwé kẹta. Mo buwọ́ lù ú láìkà á. Lẹ́tà wọn ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Lórí ìyẹn, ẹjọ́ yín tọ́. Gbèsè ni wọ́n jẹ yín.

Ọmọ Aládùúrà
Ilé àdúrà ni ẹ̀gbọ́n mi gbé fún oṣù márùn-ún, ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀. Wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Mo kà nípa ìwádìí kan tí wọ́n ṣe n'Íbàdàn àti ní Kumasi ní Ghana, tó jáde ní 2020. Wọ́n ní kí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn wòlíì máa bá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí aláìsàn kan náà. Ara àwọn aláìsàn wọ̀nyẹn yá ju ti àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò sí lára wọn. Ká ní wọ́n wá bá wa ni! Àmọ́ ẹni tí orí ẹ̀ dàrú, ta ló máa buwọ́ lùwé fún un?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Mọ̀lẹ́bí, bí aláìsàn ò bá lè ṣe é fúnra ẹ̀. Bí orí ẹ̀ bá wálẹ̀, ẹ tún bi òun fúnra ẹ̀. Tó bá ní òun ò ṣe mọ́, ó parí nìyẹn.

Ìyá Ẹlẹ́wẹ̀dú
Ṣé wọ́n ń sanwó ṣá?

Adúrótini
Ẹ̀gúnjẹ.

Àńtí Ọ̀yọ́
Ẹ̀gúnjẹ bí ti báwo? Ta ló fẹ́ kí n fi owó ọkọ̀ ara mi lọ gbé ẹ̀jẹ̀ mi fún wọn?

Àbúrò Ṣàgámù
Ẹ ṣé, gbogbo yín. Ohun tó ń ba màmá mi lẹ́rù ni orúkọ. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí àwọn àna bá wá ṣe ìwádìí ìdílé wa, wọ́n á gbọ́ pé mo wà nínú ìwé àwọn wèrè.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Nọ́ńbà ni wọ́n máa ń lò dípò orúkọ. Síbẹ̀, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé tó so nọ́ńbà mọ́ orúkọ, àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ tún béèrè ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí ìwádìí náà.

Àbúrò Ṣàgámù
Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sẹ́yìn ìwé wọn. Ọjọ́bọ̀ ni. Lálẹ́ àná, mo ka ọ̀rọ̀ Ìyá Àdùkẹ́ sí màmá mi létí. Wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ. Ó tó wákàtí kan kí wọ́n tó bi mí pé agogo mélòó la máa kúrò nílé.