Ṣé ká da kọnkéré sí odò yìí ni, àbí ká fún un láyè? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

Alágbàlá kọ:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí. Mo wà nínú kọmitíì tó ń wo pláànù ilẹ̀ kan tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí. Odò kékeré kan gba àárín ilẹ̀ náà kọjá, òkè tó ti ń ṣàn wá wà lápá kan tí wọ́n ti ń gé igi ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nísàlẹ̀ pátápátá sì ni àkùrọ̀ kan wà tí omi máa ń dúró sí. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ẹ ò ní ka odò yẹn sí, omi ẹ̀ ò mu yín dé ọrùn ẹsẹ̀. Àmọ́ tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa lókè lọ́hùn-ún, kò ní pẹ́ tí omi á fi pọ́n, á máa gbé yanrìn àti ẹ̀ka igi bọ̀, á sì tàn dé ibi tí ẹni tó wò ó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ò lè gbà gbọ́. Òjò náà ò sì rọ̀ bó ṣe ń rọ̀ mọ́, á dá títí, ìgbà tó bá wá fẹ́ rọ̀, èyí tó yẹ kó rọ̀ lóṣù kan á rọ̀ lọ́jọ́ méjì.

Ẹnjiníà wa ní ká la odò náà kó tọ́ gbọnrangandan, ká da kọnkéré sí ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjèèjì, ká rọ yẹ̀pẹ̀ kún àkùrọ̀ yẹn ká lè rí púlọ́ọ̀tì sí i. Obìnrin kan nínú wa ní rárá, ó ní ká jẹ́ kí ilẹ̀, igi àti àkùrọ̀ yẹn bá wa ṣe iṣẹ́ náà, pé nature-based solutions ni wọ́n ń pè é àti pé ọ̀pọ̀ ìlú ló ti ń ṣe é. Àwọn tó kù ní ọ̀rọ̀ inú ìwé nìyẹn. Ọkàn mi ń fà sí tiẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ gbè sẹ́yìn nǹkan tí mi ò lè ṣàlàyé. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Ṣé igi gbígbìn náà ni àbí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ? Tí òjò tó lágbára gan-an bá wá dé ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó dá mi lóhùn, ìpàdé wa ti sún mọ́lé.

Ọ̀nà_Omi fèsì:

Alágbàlá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ pláànù ilẹ̀ ni mo fi ń jẹun, ohun tí mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé lọ sípàdé yẹn ni pé àkùrọ̀ yẹn kì í ṣe ilẹ̀ tó ṣófo. Iṣẹ́ ló ń ṣe. Tí omi bá ń ti òkè bọ̀ pẹ̀lú ipá, ibẹ̀ ló ti máa ń tàn, koríko àti igbó ibẹ̀ á dín eré ẹ̀ kù, yanrìn tó gbé á jókòó, díẹ̀ nínú omi á rì wọlẹ̀, ìyókù á wá máa jáde lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Tẹ́ ẹ bá rọ yẹ̀pẹ̀ sí i tán, omi yẹn ò ní torí ìyẹn má wá, ilé àwọn tó ra púlọ́ọ̀tì ló máa wọ̀.

Kọnkéré yẹn náà, omi á sáré nínú ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibo ló ń sáré lọ? Ọ̀dọ̀ àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni. Omi tó yẹ kó máa dé bá wọn díẹ̀díẹ̀ á dé lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn náà á wá da kọnkéré tiwọn kó lè kọjá lọ bá ẹlòmíì. Ẹ ti tún yanjú tiyín nìyẹn, ẹ ti dá wàhálà sílẹ̀ fún aládùúgbò.

Ẹ wo àwọn ará Netherlands. Ó ti tó ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń mọ odi láti lé omi sẹ́yìn, kò sí ẹni tó máa sọ pé wọn ò mọ iṣẹ́ kọnkéré. Ní 1993 odò kún àkúnya níbẹ̀, ní 1995 ó tún kún, nǹkan bí 250,000 èèyàn ni wọ́n sì kó kúrò nílé lọ́dún yẹn torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé odi ò ní lè dá a dúró. Ìyẹn ló mú kí wọ́n tún inú rò. Kàkà kí wọ́n kàn máa gbé odi ga sí i, wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Room for the River, ibi tó lé ní 30 ni wọ́n ti fún odò láyè padà. Ní Nijmegen, ibi tí odò Waal ti há, wọ́n ti odi sẹ́yìn tó 350 mítà, wọ́n gbẹ́ ojú omi kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, tí omi bá dé báyìí kì í ga tó bó ṣe máa ń ga tẹ́lẹ̀, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ. Àmọ́ nǹkan bí 50 ilé ni wọ́n wó kí wọ́n tó lè ṣe é, ẹ ronú ohun tíyẹn jẹ́ fún àwọn tó ń gbé inú ẹ̀. Ẹ̀yin ò tíì kọ́ nǹkan kan síbẹ̀. Kò sí ìgbà tó máa pọ́ọ́kú tó báyìí mọ́ láti fi àyè yẹn sílẹ̀.

Ẹ gbé máàpù tó ń fi gíga ilẹ̀ hàn jáde, ẹ lọ bi àwọn àgbà tó ti pẹ́ lágbègbè yẹn níbi tí omi dé rí, ẹ fa ìlà yí i ká kẹ́ ẹ tó gé púlọ́ọ̀tì kankan. Inú ìlà yẹn lè jẹ́ oko, ó lè jẹ́ pápá ìṣeré, ó lè jẹ́ ọ̀nà ẹsẹ̀ lábẹ́ igi, kó má ṣáà jẹ́ ibi tí èèyàn máa sùn sí.

Ẹnjiníà_Afárá fèsì:

Mo fara mọ́ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí Ọ̀nà_Omi sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bá ẹnjiníà yẹn gbẹnu sọ díẹ̀, torí iṣẹ́ yẹn náà ni mò ń ṣe. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé kí wọ́n má gbìn ewéko sí gbogbo ibẹ̀ tán kí omi wá gbé ọmọ ẹnì kan lọ. Ẹ̀rù gidi nìyẹn. Ẹ má fi igi dípò ìṣirò.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ilẹ̀ tẹ́ ẹ ní. Ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn dé orókún ní ibi bíi mélòó kan, ẹ rọ omi kún un, ẹ jẹ́ kó mu, ẹ tún rọ òmíì, kẹ́ ẹ wá ri igi tẹ́ ẹ ti sàmì sí bọ inú ẹ̀, kẹ́ ẹ máa wò bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ilẹ̀ oníyanrìn, ojú yín báyìí ló máa ṣe ń lọ. Ilẹ̀ amọ̀, ẹ lè lọ jẹun kẹ́ ẹ padà wá bá a níbi tẹ́ ẹ fi í sí. Tó bá sì jẹ́ pé bẹ́ ẹ ṣe ń gbẹ́ kòtò náà ni omi ń sun wọ inú ẹ̀ láti ìsàlẹ̀, a jẹ́ pé omi abẹ́ ilẹ̀ sún mọ́ òkè, kẹ́ ẹ má wulẹ̀ náwó sórí kòtò tó ń mu òjò níbẹ̀, adágún tó ń gba omi dúró fúngbà díẹ̀ lẹ máa nílò. Èèyàn púpọ̀ kì í ṣe ìdánwò yìí, wọ́n á kàn wo fọ́tò ibi tí wọ́n ti ṣe é lókè òkun, wọ́n á gbé e wá bó ṣe wà.

Ní ti òjò ńlá tí Alágbàlá béèrè, ó ní ibi tí agbára àdáyébá mọ, kẹ́ ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nípàdé kí wọ́n má bàa rò pé ẹ ń tan àwọn. Zhengzhou ní Ṣáínà ti náwó gan-an sórí ètò sponge city, ìyẹn kí ìlú máa fa òjò mu bíi kànìnkànìn, síbẹ̀ ní July 20, 2021, 201.9 mílímítà òjò rọ̀ láàárín wákàtí kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ èèyàn kú. Kò sí koríko tó lè mu ìyẹn. Ohun tí Copenhagen ní Denmark ṣe ló wù mí jù, nígbà tí òjò July 2, 2011 ba ìlú wọn jẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ti gbé pláànù jáde tó pa nǹkan méjèèjì pọ̀: páìpù ńlá wà lábẹ́ ilẹ̀, àwọn títì kan wà tí wọ́n ṣe kó lè gbé omi lọ síbi tí kò ti ní pa ẹnikẹ́ni lára, páàkì sì wà tó máa di adágún lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá bẹ́yìn yọ. Ọ̀kan lára wọn, Enghaveparken, lè gba omi tó 22,600 kúbíìkì mítà. Lọ́jọ́ tí òjò ò sí, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀.

Torí náà ìbéèrè tẹ́ ẹ máa bi ẹnjiníà yín ni pé tí òjò bá ju èyí tó ṣírò fún lọ, ibo lomi máa gbà? Tí kò bá ní ìdáhùn sí ìyẹn, kọnkéré ẹ̀ ò tíì parí, pláànù tẹ̀yin náà ò tíì parí.

Ìyá_Ewé fèsì:

Gbogbo yín ń wo odò, kò sẹ́ni tó wo òkè tí Alágbàlá ní wọ́n ń gé igi ẹ̀. Yanrìn tó ń sọ pé omi ń gbé bọ̀ yẹn, ibẹ̀ ló ti ń wá. Ilẹ̀ tí igi bò, ewé lòjò máa kọ́kọ́ bá, á wá kán sórí ewé tó ti jẹrà nílẹ̀, gbòǹgbò àti kòkòrò sì ti la ihò káàkiri inú ilẹ̀ tómi lè gbà wọlé. Ilẹ̀ tó wà níhòòhò, òjò á máa lù ú, eruku wẹ́wẹ́ á dí ojú ẹ̀ pa, á le gbagidi, omi á kàn máa ṣàn kọjá lórí ẹ̀ ni, ibi tó bá ti rí ojú á gbẹ́ ẹ di kòtò. Ẹ rántí Freetown ní Sierra Leone ní August 2017, lẹ́yìn òjò ọlọ́jọ́ púpọ̀ òkè ya lulẹ̀, àwọn tó kú àtàwọn tí wọ́n wá tì lé ní 1,000. Igbó òkè tí wọ́n ti gé àti ilé tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kó burú tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ igi gbígbìn wá ń dùn mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mélòó la máa rí kí wọ́n kó igi wá, kí wọ́n gbìn ín, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n lọ, kó sì kú kí ọdún tó yí po? Ní gúúsù Niger, láti àwọn ọdún 1980, àwọn àgbẹ̀ ò tiẹ̀ ra igi, kùkùté tó ṣì wà láàyè nínú oko wọn ni wọ́n ń tọ́jú. Tó bá rúwé, wọ́n á ṣa ọ̀mùnú mélòó kan tó dáa sílẹ̀, wọ́n á gé ìyókù kúrò, wọ́n á máa dáko láàárín ẹ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà ló ti padà di ilẹ̀ onígi báyẹn. Ohun tó sì jẹ́ kó tàn kálẹ̀ ni pé àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka igi oko wọn sí tiwọn, tẹ́lẹ̀ ìjọba ló ni ín, ta ló máa tọ́jú ohun tí wọ́n máa torí ẹ̀ mú un? Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ní Burkina Faso, Yacouba Sawadogo gbẹ́ ihò kéékèèké sórí ilẹ̀ tó ti le nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó kó ìgbẹ́ ẹran sí i, ikán wá lu ilẹ̀ náà sí ihò, òjò àkọ́rọ̀ sì rí ibi wọ̀. Igbó ló hù síbẹ̀ níkẹyìn, ó sì gba ẹ̀bùn Right Livelihood ní 2018.

Torí náà Alágbàlá, ẹ lọ wo òkè yẹn bóyá kùkùté ṣì wà. Tó bá wà, ẹ jẹ́ kí wọ́n dẹ́kun gígé àti sísun, ìdajì iṣẹ́ ti ṣe. Tẹ́ ẹ bá máa gbìn, ẹ gbìn oríṣiríṣi, èyí tó mọ ilẹ̀ ibẹ̀, ẹ má kó eucalyptus nìkan síbẹ̀ torí pé ó ń tètè dàgbà, ó ń mu omi gan-an. Nígbà tí UNEA, ìyẹn ìpàdé àjọ UN lórí ọ̀rọ̀ àyíká, jókòó ní Nairobi ní March 2022, wọ́n fẹnu kò pé irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ṣe èèyàn láǹfààní kó sì ṣe ẹ̀dá tó kù láǹfààní pẹ̀lú. Oko tó jẹ́ irú igi kan ṣoṣo ò kún ojú òṣùwọ̀n yẹn.

Alágbàlá kọ:

Ẹ ṣeun gan-an, mo ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ pé wọ́n máa sọ nìyí: wọ́n á ní ẹ̀fọn máa pa wá, wọ́n á ní ta ló máa máa tọ́jú ẹ̀. Àwọn ìdílé kan tún wà tí wọ́n ti ń dáko létí àkùrọ̀ yẹn tipẹ́, kò sí ìwé lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀nà_Omi fèsì:

Ẹ̀fọn ń lò tó bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó kúrò lẹ́yin kó di èyí tó ń fò, nínú omi tó dúró sójú kan. Adágún tẹ́ ẹ bá ṣe kó gbẹ láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ò fún un láyè. Èyí tó bá máa lómi títí ọdún, ẹ jẹ́ kó jìn díẹ̀, kómi máa wọ̀ kó máa jáde, kí ẹja, àkèré àti lámilámi lè gbé ibẹ̀, àwọn ló ń jẹ ọmọ ẹ̀fọn. Gọ́tà kọnkéré tí ọ̀rá àti ike dí lẹ̀fọn fẹ́ràn jù, kẹ́ ẹ bi wọ́n ta ló ń kó ìyẹn náà.

Ìtọ́jú, ẹ kọ owó ẹ̀ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó máa ṣe é. Singapore tú kọnkéré odò Kallang ká ní páàkì Bishan-Ang Mo Kio, ojú odò tó tọ́ ní 2.7 kìlómítà wá di odò tó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ ní 3.2 kìlómítà, wọ́n parí ẹ̀ ní 2012. Àwọn èèyàn ń jókòó létí ẹ̀ báyìí. Àmọ́ wọ́n ri ẹ̀rọ tó ń wo bí omi ṣe ń ga síbẹ̀, iná àti ìkìlọ̀ wà kí gbogbo èèyàn lè tètè gòkè tí òjò bá ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó ṣe é tán tó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìdílé yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ewéko lé wọn. Mo ti rí i tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n á lé aláìnílọ́wọ́ kúrò létí omi, ọdún díẹ̀ sí i ilé ńlá á dúró síbẹ̀. Àwọn gan-an ló mọ ọjọ́ tómi máa ń wọ̀ àti ọjọ́ tó ń fà. Ẹ pè wọ́n wá sípàdé, ẹ kọ ẹ̀tọ́ wọn láti máa dáko níbẹ̀ sínú pláànù, kẹ́ ẹ wá bá wọn sọ̀rọ̀ owó ìtọ́jú.

Ẹnjiníà_Afárá fèsì:

Alágbàlá, tẹ́ ẹ bá ti rí máàpù gíga ilẹ̀ yẹn, ẹ gbé e síbí, ẹ yọ orúkọ àdúgbò kúrò lára ẹ̀. Ẹ tún béèrè ìwọ̀n òjò ọdún púpọ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń wo ojú ọjọ́ lọ́dọ̀ yín, èyí tí wọ́n kọ ní wákàtí wákàtí tó bá wà. Mo lè bá yín ṣírò iye omi tí àkùrọ̀ yẹn ń gbà, kẹ́ ẹ fi wé iye tó máa ná yín láti fi adágún kọnkéré rọ́pò ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rí i kó tó di ọjọ́ ìpàdé.