Ẹ gbà mí, ikọ́ màámi ò lọ

Ìyá Dàmọ́lá: Ẹ kú ilé o. Mi ò fojú kan oorun láti àná. Màámi ni. Làkúrègbé tó ń wú oríkèé ti ń bá wọn fínra láti ọdún 6, ọwọ́ wọn ò lè fún aṣọ mọ́. Abẹ́òkúta ni ikọ́ gbígbẹ yìí ti bẹ̀rẹ̀, kò sí kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo mú wọn wá sọ́dọ̀ mi l'Ékòó. Láti bàlùwẹ̀ dé ibùsùn báyìí, wọ́n á ti máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó gun Olúmọ. Àbúrò mi tó wà ní Kánádà ní ikọ́ lásán ni, pé owó ni mo ń wá. Kọ́bọ̀ ò tíì dé! Bẹ́ẹ̀ màámi ló wo ọmọ rẹ̀ méjèèjì dàgbà. Oúnjẹ mi gan-an wọn ò jẹ, wọ́n ní ata ń ta wọ́n lẹ́nu. Mo se ilá láìfi ata sí i, wọ́n ṣì ní ó ń ta. Ó ti sú mi.

Bàbá Ìbejì: Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọ̀fẹ́ ni nílé ìwòsàn ìjọba.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Lupus, àìsàn tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà, tó sì ń mú oríkèé wú, ló ń ṣe ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí àyà ń gún un tó bá ti mí kanlẹ̀, ọkàn la rò pé ó ni. Omi ló yí ẹ̀dọ̀fóró ká. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ fà á, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àìsàn oríkèé lè débẹ̀.

Ìyá Dàmọ́lá: Bàbá Ìbejì, a ti ṣe é, kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ. Wọ́n ní òjìji díẹ̀ wà nísàlẹ̀ nínú fótò àyà. Owó mi ni mo fi ṣe é o, kì í ṣe ti ará Kánádà.

Olóyè: Orógbó àti oyin. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ kì í gbọ́ràn.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Olóyè, orógbó ló fa omi ẹ̀gbọ́n mi jáde ni?

Olóyè: Ṣé ìwọ ni mo bá wí?

Bàbá Ìbejì: Kí wọ́n tún àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ yẹn ṣe ṣá.

Nọ́ọ̀sì Ìyá Ire: Ẹ sinmi ariwo ná. Ìyá Dàmọ́lá, ẹ ò sọ oògùn tí màmá ń lò. Ṣé egbò wà lẹ́nu wọn?

Ìyá Dàmọ́lá: Oògùn tí dókítà kọ ni, èmi kì í fún ìyá mi ní oògùnkóògùn. Egbò funfun wà lábẹ́ ahọ́n. Àbí ata kọ́?

Nọ́ọ̀sì Ìyá Ire: Ẹ ka orúkọ ara páálí fún mi.

Ìyá Dàmọ́lá: Prednisolone, folic acid, àti kékeré kan tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, methotrexate, ti làkúrègbé. Mẹ́rin ni wọ́n kọ sí i. Àràárọ̀ ni mò ń fún wọn, mi ò fo ọjọ́ kan. Nígbà tí wọ́n wà l'Ábẹ́òkúta, Mọ́ńdè nìkan ni wọ́n ń lò ó. Mo tiẹ̀ bá wọn wí.

Nọ́ọ̀sì Ìyá Ire: Háà! Ẹ má fún wọn ní methotrexate yẹn mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni. Tó bá pọ̀ jù, ó ń bó ẹnu, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ó sì lè mú ẹ̀dọ̀fóró wú, kódà tí kò bá pọ̀ jù. Àìsàn oríkèé náà lè dá àpá sí ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn lè wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dé Èkó. Mi ò lè mọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì lórí fóònù, CT, ẹ̀rọ tó ń ya fótò inú ara ní ìpele-ìpele, ló máa ń fi hàn ju fótò lásán lọ. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ilé ìwòsàn ńlá, pàjáwìrì, nísinsìnyí. Prednisolone ni kí ẹ má dáwọ́ rẹ̀ dúró lójijì o.

Olóyè: Ẹ rí oògùn òyìnbó yín?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ẹ jọ̀ọ́, bàbá.

Ìyá Dàmọ́lá: Ọjọ́ 8. Mẹ́rin lójoojúmọ́. Mọ́tò ti dé, páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú báàgì mi. Màámi ń bi mí ohun tó ń pa mí lẹ́kún. Mo ní àlùbọ́sà ni.