Sítíárìn Volkswagen ìjàpá tó lẹ̀ mọ́ ṣáàfù: báwo ni mo ṣe lè yọ ọ́ láìba nǹkan jẹ́?

Ìbéèrè, láti Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ ìjàpá tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo ń tún ṣe, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò pọ̀ ní ilé-iṣẹ́ Volkswagen tó wà ní Ọ̀jọ́, ní Èkó, lẹ́yìn ọdún 1975. Ọdún 11 gbáko ló fi wà lábẹ́ igi máńgòrò, tí òjò ń rọ̀ lé e lórí. Ọwọ́ tíráfíkétọ̀ rẹ̀, èyí tí a fi ń tan iná tó ń sọ ibi tí ọkọ̀ fẹ́ yà sí, ti kán, n kò sì lè dé ìdí rẹ̀ láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ yọ sítíárìn. Mo ti ṣí ìdérí họ́ọ̀nù, mo sì ti fi sọ́kẹ́ẹ̀tì 27 tú nọ́ọ̀tì àárín kúrò pátápátá, ṣùgbọ́n ó di ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń fà á, kò mì rárá. Mẹkáníìkì àdúgbò wa ní kí n jẹ́ kí òun fi òòlù ńlá lu orí ṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá irin tí sítíárìn wọ̀ mọ́, títí sítíárìn yóò fi jáde. Ọkàn mi kò gbà á, nítorí pé ọkọ̀ yìí ni wọ́n fi gbé ìyá mi lọ sílé ìwòsàn lóru ọjọ́ tí wọ́n bí mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Èsì, láti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Ìbàdàn

Ẹ kú ìtọ́jú ohun tí bàbá fi sílẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òòlù kan orí ṣáàfù yẹn. Àwo rọ́bà kan tí wọ́n fi bọ́ọ̀tù dì ló so ṣáàfù náà mọ́ gíà sítíárìn nísàlẹ̀. Gbogbo agbára tí a bá fi lù ú lókè, ara rọ́bà yẹn àti ara béárìn ni yóò ti parí. Ẹnu ṣáàfù náà yóò sì fẹ̀, tí nọ́ọ̀tì kò fi ní wọ̀ ọ́ mọ́.

Ẹ gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè, abẹ́ rẹ̀ ni bátìrì ìjàpá wà, kí ẹ sì tú wáyà rẹ̀ kan, nítorí pé wáyà họ́ọ̀nù wà nídìí sítíárìn níbi tí ẹ ti fẹ́ ṣiṣẹ́. Bí ọkọ̀ yín bá ní lọ́ọ̀kù sítíárìn, ẹ ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́ kí ó tú. Lẹ́yìn náà, ẹ dá nọ́ọ̀tì padà sẹ́nu ṣáàfù, kí ó wọlé díẹ̀, kí àlàfo sì wà láàrin rẹ̀ àti sítíárìn. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ: ohun tí a ń fi gbogbo agbára fà, bí ó bá já lójijì, ẹnu tàbí àyà ẹni tó ń fà á ló máa ń bá. Nọ́ọ̀tì yẹn ni yóò dá a dúró.

Ẹ jẹ́ kí táyà iwájú kọjú sí ọ̀kánkán, kí ẹ sì fi ọ̀dà funfun fa ìlà láti orí ṣáàfù dé ara sítíárìn, kí ó má baà wọ́ nígbà tí ẹ bá ń dá a padà. Tí ẹ bá wo àárín rẹ̀ dáadáa, ẹ óò rí eyín wẹ́wẹ́ tó yí ṣáàfù ká, tí eyín inú sítíárìn sì wọnú wọn. Ibẹ̀ ni ìpáàrà ti dì wọ́n pọ̀. Ẹ fún òróró tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì tó dógùn-ún síbẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ọjọ́ 2 tàbí 3, kí ẹ sì máa fi òòlù kékeré gbá ẹ̀gbẹ́ irin àárín sítíárìn náà jẹ́jẹ́ yíká, kí òróró lè ríbi gbà wọlé. Nígbà tí ẹ bá wá fẹ́ fà á, ẹ jókòó sí àyè awakọ̀, ẹ fi orúnkún méjèèjì ti ẹ̀yìn sítíárìn láti ìsàlẹ̀, kí ẹ máa mi apá òkè sọ́tùn-ún sósì bí ìgbà tí èèyàn bá ń mi eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ.

Èsì, láti Ìlọrin

Iná ni wẹ́dà fi yọ ti Peugeot 504 mi. Irin tó bá gbóná a máa wú, kò sì pẹ́ rárá tó fi jáde.

Èsì, láti ọ̀dọ̀ wẹ́dà kan ní Èkó

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni pé irin a máa wú, ṣùgbọ́n iwájú ni táńkì epo ìjàpá wà, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ní ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù gan-an. Iṣẹ́ iná ni mo fi ń jẹun, n kò sì ní tan iná síbẹ̀ láé. Aṣọ tí a rì bọnú omi tó ń hó, tí a sì wé mọ́ irin àárín sítíárìn náà, tó. Bí ẹ bá rí púlà yá, ìyẹn irinṣẹ́ oníkọ̀ọ́ tí a fi ń fa nǹkan yọ, irin àárín ni kí ẹ fi ìkọ́ rẹ̀ kọ́, kì í ṣe ọwọ́ tàbí òbírí sítíárìn, nítorí pé wọn yóò tẹ̀ tàbí kí wọ́n sán. Ẹ fún púlà náà títí yóò fi le, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ní báàgì afẹ́fẹ́ nínú sítíárìn má fi ìmọ̀ràn wa yìí ṣiṣẹ́. Ọ̀tọ̀ ni ti ìyẹn, ó sì lè bú gbàmù sí i lójú.

Ẹni tó béèrè

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ó ti jáde o! Mo fún òróró sí i fún ọjọ́ mẹ́ta, mo wé aṣọ omi gbígbóná mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fún púlà sílẹ̀ lálẹ́ àná. Ní nǹkan bí aago mẹ́fà àárọ̀ òní ni mo tún yí púlà díẹ̀, tí ó dún gbàgà, tí sítíárìn sì lọ gbá nọ́ọ̀tì tí ẹ ní kí n fi síbẹ̀. Ìyẹ̀fun pupa bí osùn ló kún inú eyín náà.

Mẹkáníìkì Ìbàdàn

Ẹ ṣeun tí ẹ ní sùúrù. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin nu eyín méjèèjì mọ́, ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa á, kí ẹ sì fi sípánà tó ń wọn agbára fún nọ́ọ̀tì dé ìwọ̀n 50 Nm. Kí ẹ tó ti sítíárìn wọlé, ẹ rí i dájú pé ọwọ́ tíráfíkétọ̀ tuntun náà wà ní àárín, kò tẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tó ń dá a padà lẹ́yìn sítíárìn yóò tún kán ahọ́n rẹ̀.