Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọmọ mi fẹ́ fi kíríkẹ́ẹ̀tì ṣe iṣẹ́

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará wa. Lọ́ńdọ̀nù ni à ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún 18 lóṣù tó kọjá, bọ́ọ̀lù ló máa ń jù, àwọn tó máa ń sáré wá jù ú yẹn. Ẹgbẹ́ káńtì kan, ìyẹn ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì tó ń ṣojú agbègbè kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ kó tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ọdún 2. Yunifásítì Loughborough náà ti gbà á wọlé.

Inú mi dùn, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń já mi láyà. Lọ́dún tó kọjá, egungun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sán. Èmi ni mò ń bá a wọ ìbọ̀sẹ̀ láràárọ̀, ọmọ tó ga jù mí lọ! Dókítà ní ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń sáré jù ú. Ó ṣe Jofra Archer, ajubọ́ọ̀lù England tó wà ní ẹgbẹ́ káńtì Sussex, ní 2022. Lóòótọ́, ó ṣe James Anderson, ajubọ́ọ̀lù England tó wà ní ẹgbẹ́ káńtì Lancashire, náà ní 2006, ó sì padà gba wíkẹ́ẹ̀tì 704 (ìyẹn ni pé ìgbà 704 ló lé ẹni tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù jáde) nínú ìdíje Test, èyí tí orílẹ̀-èdè máa ń bá orílẹ̀-èdè gbá, kó tó fẹ̀yìn tì nínú Test ní 2024. Ṣùgbọ́n Anderson mélòó ló wà?

Ìdíje káńtì le: ọjọ́ 4 gbáko ni wọ́n fi ń gbá ẹyọ kan, láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹsàn-án. Tí àdéhùn bá tán tí wọn ò tún un ṣe ńkọ́?

Bàbá rẹ̀ ní kó lọ kàwé. Ọmọ ò sọ nǹkan kan, ó kàn jókòó sí pálọ̀, ó ń fi bọ́ọ̀lù pupa ra itan ṣòkòtò rẹ̀. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti gba ọ̀nà yìí, ṣé ó lè pa méjèèjì pọ̀? Kí ló yẹ ká bi ẹgbẹ́ náà nípa ìtọ́jú ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó tọwọ́ bọ̀wé?